Fèrè Mẹ́ta

Fèrè mẹ́ta ló wà nílé wa. Ọ̀kan jẹ́ oníke, a rà á ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Ọ̀kan jẹ́ onírin, wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ajá máa ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Ìwo ẹran ni wọ́n fi ṣe ẹ̀kẹta, òun ló sì wọ́n jù. A ti fọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú igbó, létí adágún, àti nínú yìnyín tó mù wá dé orúnkún. Ajá wa gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín dáadáa: ó gbọ́. Etí rẹ̀ méjèèjì á yí padà sọ́dọ̀ wa, á dúró díẹ̀, á rò ó wò, lẹ́yìn náà á máa bá tiẹ̀ lọ.

"Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni Màmá ti pa òwe yìí fún wa lórí fóònù láti Ìsẹ́yìn. Tí wọ́n bá ti rí ajá náà lórí àga nínú fídíò, wọ́n á pòṣé. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbé ajá sórí àga. Ajá tí ò gbọ́ fèrè." A ò ní èsì kankan. Kí lèèyàn fẹ́ fi dá ìyá rẹ̀ lóhùn nígbà tó jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?

Àwa méjèèjì la jọ ń kọ èyí, lọ́kọ láya. Ọ̀kan nínú wa ń kọ kóòdù jẹun, èkejì ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń kọ kóòdù ló ń tẹ̀ ẹ́, èkejì dúró sẹ́yìn àga, ó ń ní "rárá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀." A ti jọ gbà pé a ò ní sọ ẹni tó sọ kí ni, torí tí a bá bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, ìjà tó ti tán á tún gbérí.

Ìlú Östersund là ń gbé, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Swídìn. Adágún ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Storsjön wà níwájú ìlú. Tí òtútù bá wọlé tán, omi yẹn á dì gbagidi, àwọn èèyàn á máa rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn ní títì. Nínú oṣù Kejìlá, kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, oòrùn ti wọ̀. Ọdún tí a kọ́kọ́ dé, ọ̀kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ láti ilé, èkejì ń ṣe iṣẹ́ alẹ́. Bí ọ̀kan ṣe ń jí ni èkejì ń lọ sùn. Ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá kí ẹni tó wà nílé má gbọ́ ohùn èèyàn, àfi nínú mítìǹgì orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí ẹ ti jápa, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán ọmọ ajá lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín òru nìyẹn.

Èyí tó gbà wá lọ́kàn ni irú tí wọ́n ń pè ní jämthund. Orúkọ Jämtland, agbègbè tí ìlú wa wà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń kà á mọ́ ajá kan tó jẹ́ ti àwọn ará Nọ́rwèy. Ọdún 1946 ni wọ́n tó gbà ní Swídìn pé irú ọ̀tọ̀ ni. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ibi tó kù lọ, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ ká sórí ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí i, ẹ ó ní ìkookò ni. A ní, "Èyí mà rẹwà o." Bẹ́ẹ̀ la ṣe yan ajá, bí ẹni ń yan ọ̀dà ògiri.

Ohun tí a ò wò dáadáa ni iṣẹ́ tó wà fún. Ẹranko kan wà níbí tó ń jẹ́ älg. Ẹ ro ìgalà tó ga tó ẹṣin, tí akọ rẹ̀ lè tẹ̀wọ̀n ju 400 kílò lọ, tí ìwo rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ bí ṣọ́bìrì. Kò sí ẹran ìgbẹ́ tó jọ àwọn ọdẹ ibí lójú tó o. Tí ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án bá pé, tí àsìkò àtipa á ṣí ní apá àríwá, àwọn kan á gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ torí ẹ̀. Älg yìí ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sin jämthund.

Bàbá àgbẹ̀ kan ní abúlé ló ní ọmọ ajá títà. Wọ́n fún wa ní kọfí, wọ́n wo bàtà wa, bàtà ìlú. Wọ́n bi wá pé, "Ṣé ẹ ń ṣọdẹ?"

A wo ara wa. A ní, "Ọdẹ ni bàbá ìyá wa."

Kì í ṣe irọ́. Bàbá tó bí ìyá ọ̀kan nínú wa, ọdẹ ni wọ́n lóòótọ́ ní Òkè-Ògùn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ìbọn ṣakabùlà wọn ṣì wà lára ògiri nílé. Àmọ́ àwa fúnra wa, a ò pa eku rí. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ọdẹ, inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ la ti kà á ní sẹ́kọ́ńdírì, Fágúnwà ò sì kọ nǹkan kan síbẹ̀ nípa títọ́ ajá nínú fúláàtì. Bàbá àgbẹ̀ mi orí. Wọ́n gbé ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ lé wa lọ́wọ́. A sanwó, a dúpẹ́, a ò wo ojú ara wa títí a fi dé títì.

A sọ ọ́ ní Tańmọ̀la. Ṣebí ẹ mọ̀ pé nílé, orúkọ ajá kì í ṣe orúkọ lásán. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò lè sọ sójú aládùúgbò ló máa fi sọ ajá rẹ̀. Àwa ò ní aládùúgbò tó gbọ́ Yorùbá, nítorí náà orúkọ náà padà sọ́dọ̀ àwa tí a sọ ọ́.

Fún oṣù mẹ́rin, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ó di ara rẹ̀.

Wákàtí méjì là ń rìn lójúmọ́, òjò ni o, yìnyín ni o. Tí a bá dé, àwa á ṣubú sórí àga, òun á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á tún máa wo ilẹ̀kùn. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni irun rẹ̀ máa ń re. A ti rí i nínú ẹ̀bà, a ti rí i lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ tí òtútù jẹ́ ìwọ̀n 22 lábẹ́ òdo, tí a wọ ṣòkòtò mẹ́ta léra wọn, ó lọ dùbúlẹ̀ lórí yìnyín ní báńkóónì, ó fi ìrù bo imú, ó sùn. A ṣílẹ̀kùn, a ní, "Wọlé, òtútù máa pa ẹ́." Ó la ojú kan. Ó tún un dé.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Gbogbo ajá tó wà ní páàkì ló ń sáré lọ gbé bọ́ọ̀lù wá. Tańmọ̀la gbé e wá lẹ́ẹ̀kan, ó fi í lélẹ̀. A tún jù ú. Ó wò wá bí ọ̀gá ṣe ń wo ọmọ iṣẹ́ tó ju fáìlì kan náà nù lẹ́ẹ̀kejì, ó sì bá ibòmíràn lọ.

Èyí dun ẹni tó ń kọ kóòdù ju èkejì lọ. Kọ̀ǹpútà, ohun tí o bá ní kó ṣe ló máa ṣe, kódà tó bá jẹ́ ìsọkúsọ lo sọ fún un. Ọdún mẹ́wàá tó ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan tó mọ́ ọn lára nìyẹn: tí nǹkan ò bá gbọ́ràn, àṣìṣe wà níbì kan, wá a rí, tún un ṣe. Ló bá ṣí táblì lórí kọ̀ǹpútà. Ó ń kọ aago tí a pe ajá, irú fèrè tí a fọn, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ohun tó jẹ láàárọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò rí àṣìṣe kankan. Nọ́ọ̀sì wo táblì náà, ó ní, "Ìwọ náà ò kì í dáhùn tí mo bá pè ẹ́ láti kíṣìnnì." Ó yẹ ká yọ ìyẹn kúrò níbí, àmọ́ ẹni tó dúró sẹ́yìn àga ní ká fi í sílẹ̀.

Ohun tó fẹ́ẹ́ tú ilé wa ká gan-an ni ariwo. Jämthund ń gbó. Kì í ṣe gbígbó ajá tí èèyàn ń lù lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn tó lágbára ni, tó ń lọ gbọ̀ngbọ̀n bí ẹni ń kan ìṣó. Tí ẹni tó wà nílé bá wọ mítìǹgì, Tańmọ̀la á dúró lójú wíńdò, á máa kan ìṣó tiẹ̀. Ní irú ilé tí à ń gbé níbí, yàrá ìfọṣọ kan ni gbogbo ilé ń lò, ara ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń bá ara wọn jà. Wọn ò ní kan ilẹ̀kùn rẹ, wọn ò ní pariwo. Ìwé pélébé ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́bẹ̀, kò ní sí orúkọ níbẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ ní ká jọ̀ọ́ ká ṣàánú. Ìkẹta ò sọ jọ̀ọ́ mọ́. Nígbà tó yá, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì onílé: ká wá nǹkan ṣe sí ariwo náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ká wá ibòmíràn gbé.

A ò lè tú u sílẹ̀ kó lọ lo agbára rẹ̀ dànù. Òfin ibí ni pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta títí di ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ, ajá ò gbọ́dọ̀ máa sá kiri níbi tí ẹran ìgbẹ́ wà, torí àsìkò tí wọ́n ń bímọ ni. Tí àsìkò yẹn bá sì kọjá, ẹ̀rù á máa bà wá: béárì ń bẹ nínú igbó Jämtland, títì ń bẹ, reindeer tí àwọn Sámi ń sìn ń bẹ, tí ajá kan ò gbọ́dọ̀ lé. Nítorí náà okùn ló kù. Ọdún kan àti ààbọ̀ lórí okùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò kọ̀wé mọ́ ilẹ̀kùn nínú ilé yẹn, bàbá àgbàlagbà tó ń gbé nísàlẹ̀, abẹ́ wa gan-an. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ní Swídìn, "ìwọ" ni wọ́n ń pe gbogbo èèyàn, ọmọdé àtàgbà, dókítà àti aláìsàn. Ìparí àwọn ọdún 1960 ni "ẹ̀yin" ọlọ́wọ̀ ti kúrò lẹ́nu wọn. Orúkọ àbísọ ni wọ́n sì ń pe ara wọn. Ẹnu wa ò gbà á. A gbọ́ pé wọ́n ti ṣọdẹ rí, la bá ń pè wọ́n ní Bàbá Ọdẹ. Wọ́n bi wá ohun tó túmọ̀ sí, a sọ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jẹ́ ẹ. Gbogbo ìgbà tí a bá pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn, ajá ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí.

Ó ku díẹ̀ kí oṣù Kẹwàá parí, Tańmọ̀la bọ́. A wà létí igbó, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ìlú. Atẹ́gùn kan fẹ́ wá, ó gbé imú sókè, gbogbo ara rẹ̀ le. Ó fi ẹ̀yìn rìn, ó fa èjìká, okùn àyà já sílẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹ̀wù, ó ti lọ. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni. A fọn oníke. A fọn onírin. A fọn ìwo títí ètè wa fi bó.

Nǹkan kan tí a ní ni kọ́là GPS tó wà lọ́rùn rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọdẹ ń lò, tí ẹni tó ń kọ kóòdù rà torí pé ó fẹ́ràn dátà. Áàpù náà ń fi ibi tí ajá wà hàn, ó sì ń ka iye ìgbà tó ń gbó ní ìṣẹ́jú kan. Ní aago mẹ́ta, àmì rẹ̀ dúró lójú kan, kìlómítà mẹ́rin sí wa. Kò kúrò níbẹ̀. 70. 74. 71. A ní ó ti há. A ní ó ti kó sínú irà, tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, ó ń ké. A wọ igbó, a dé ibi omi kan tí a ò lè kọjá, a padà. Nígbà tó di aago márùn-ún, tí ilẹ̀ ń ṣú, ọ̀kan nínú wa pe Bàbá Ọdẹ, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Wọ́n wakọ̀ wá. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi wá ni pé ṣé ó ti lé reindeer rí. A ní rárá. Wọ́n gba fóònù, wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n wakọ̀ wa gba ọ̀nà àwọn agégẹdú kan títí ó fi ku bíi kìlómítà kan, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sọ fèrèsé kalẹ̀. A gbọ́ ọ. Lókèèrè, nínú òkùnkùn: gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n.

"Kò há," ni Bàbá Ọdẹ wí. "Ó ti dá a dúró."

Wọ́n ṣàlàyé fún wa níbẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Pé älg ò bẹ̀rù ajá bó ṣe ń bẹ̀rù èèyàn. Tí ajá kan bá ń gbó níwájú rẹ̀, ó lè dúró, kó máa wò ó, kó máa bínú sí i. Tí ajá bá sún mọ́ ọn jù, á sá lọ, tàbí kó fi pátákò fọ́ ọ lórí. Tí ajá bá jìnnà jù, á bá tiẹ̀ lọ. Ajá gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa dúró sí, kó máa lọ sọ́tùn-ún sósì, kó gba gbogbo ọkàn ẹran náà, kí ọdẹ lè yọ́ wá láti ibi tí atẹ́gùn ò ti ní gbé òórùn rẹ̀ débẹ̀. Ó lè gba wákàtí kan. Ó lè gba mẹ́rin, márùn-ún. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ẹni tó ń pàṣẹ fún ajá, torí pé ọdẹ wà lọ́nà jíjìn. Ajá tó bá ń wo ojú olówó rẹ̀ kó tó ṣe nǹkan ò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti ń yan èyí tí kì í wojú ẹnikẹ́ni, ìran dé ìran.

A ní, "Bàbá, a fọn fèrè o. A fọn ọ́n títí."

Wọ́n ní, "Ó gbọ́ yín. Láti aago mẹ́ta ni òun náà ti ń pè yín."

A ò rí ohun tí a máa sọ. A ti máa ń rò pé ọdẹ ló ń pe ajá; bí òwe Màmá ṣe wí nìyẹn. Kò sí ìgbà kankan tó wá sí wa lọ́kàn pé ohùn tó ń da ilé láàmú láti ọdún kan, tí wọ́n ń torí rẹ̀ kọ̀wé mọ́ ilẹ̀kùn, ìpè ni. Ó ń dúró lójú wíńdò, ó ń sọ pé ẹ wá, mo ti rí nǹkan. Àwa ń ní kó dákẹ́.

Ìgbáròkó Bàbá Ọdẹ ò gbé wọn wọ igbó mọ́, nítorí náà àwa méjì la lọ. Wọ́n ní ká má tan iná, ká má sọ̀rọ̀, ká jẹ́ kí atẹ́gùn máa kọ lù wá lójú. A ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kù díẹ̀, bóyá ọgọ́rùn-ún mítà, a rí òjìji kan láàárín igi tó dúdú ju òkùnkùn lọ, ó ga, ó ń mí. Igi kan ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Òjìji náà yí padà, ilẹ̀ mì, kò sí mọ́. Gbígbó dákẹ́. Tańmọ̀la tẹ̀ lé e.

Ní aago mẹ́wàá kọjá, bátìrì GPS kú.

Bàbá Ọdẹ ní kí ọ̀kan nínú wa bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí ajá ti bọ́ gan-an, ká fi í síbẹ̀ mọ́jú. Wọ́n ní bí àwọn ọdẹ ṣe ń ṣe nìyẹn: ajá á tọ ojú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà, á bá òórùn olówó rẹ̀, á dúró. Ó dà bí àlọ́ létí wa. A tẹ́ ẹ. A gbé wọn relé, a padà wá, a jókòó sínú ọkọ̀.

Ibẹ̀ la ti jà. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ ajá ló kọ́kọ́ sọ pé tó bá padà, ká fún ẹni tó mọ ìlò rẹ̀. Èkejì ní ta ló máa fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ tọrẹ torí ó ń pariwo. Èyí ní kì í ṣe ọmọ, ajá ni, àwa la sọ ọ́ di ọmọ torí òkùnkùn oṣù Kejìlá. Ọ̀rọ̀ jáde tí kò yẹ kó jáde, nípa ẹni tó fẹ́ ká wá sí orílẹ̀-èdè yìí, nípa ẹni tí kì í sí nílé lálẹ́. Nígbà tó yá a dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan sọ ọ́: "A parọ́ fún bàbá yẹn." Èkejì ní, "A ò parọ́." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, torí ó mọ̀.

Aago márùn-ún ìdájí kọjá díẹ̀, a rìn lọ síbi jákẹ́ẹ̀tì. Tańmọ̀la wà lórí rẹ̀. Ó ká bí ìgbín, ìrì dídì ti bo ẹ̀yìn rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti là. Ó gbé orí sókè, ó wò wá. A fẹ́ sọ pé ìdùnnú ló wà lójú rẹ̀. Rárá. Ojú ẹni tó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tí alábàáṣiṣẹ́ ò yọjú ni.

Lọ́jọ́ kẹta a pe bàbá àgbẹ̀, a jẹ́wọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ẹni tó bá ń ṣọdẹ, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni bí ìyá ajá ṣe ń gbó. Ẹ̀yin ń béèrè bóyá ó fẹ́ràn ọmọdé." A bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi tà á fún wa nígbà náà. Wọ́n ní àwọn rò pé ó máa kọ́ wa.

A ò tíì mọ̀ bóyá ó bójú mu pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn àga ní kò bójú mu rárá.

A ò fi í tọrẹ. A ò sì fi í mú sílé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bàbá Ọdẹ mú wa mọ ẹgbẹ́ ọdẹ kan ní abúlé, àwọn mọ́kànlá, tí ajá wọn ti darúgbó. Tí àsìkò bá dé, ọ̀dọ̀ wọn ni Tańmọ̀la ń gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwa náà sì ń lọ. Ilé pẹ̀lú, a kó kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó lé wa. A rí ilé kékeré kan lẹ́yìn ìlú, owó rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ibi iṣẹ́ sì jìn sí i. Ọ̀kan nínú wa ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ọdẹ, èyí tí kò sí ẹni tó lè gba ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ lọ́wọ́ ìjọba láìṣe é láti 1985. Èkejì ní òun ò ní fọwọ́ kan ìbọn láé, pé ohun tí òun ń rí lẹ́nu iṣẹ́ tó òun. Nígbà tí àwọn ọdẹ bá ń pín ẹran, òun ló ń wẹ ojú ọgbẹ́ ajá.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, a jókòó sórí gbòǹgbò igi láti aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀. Fún wákàtí méjì a ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ lápá ìlà-oòrùn, gbọ̀n, gbọ̀n. Bàbá tó ń darí ẹgbẹ́ náà gbé ìka sókè, gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n wo ara wọn, ọ̀kan nínú wọn yọ́ lọ. Kò sí ẹni tó fọn fèrè. Bàbá Ọdẹ wà nínú ọkọ̀ lójú títì, wọ́n ti sọ fèrèsé kalẹ̀, wọ́n di ojú. Ogójì ìṣẹ́jú ni ohùn yẹn fi ń lọ kí ìbọn tó dún.

Ìpín tiwa kún ìdajì fìrísà. A fi se ẹ̀fọ́ rírò, a gbé fóònù sí i kí Màmá rí i. Wọ́n bi wá irú ẹran wo ni. A sọ fún wọn, a sọ ẹni tó dá a dúró. Wọ́n wo Tańmọ̀la lórí àga. "Hmm," ni wọ́n wí. "Bàbá mi ní irú ẹ̀ kan. Wọn ò jẹ́ kó wọlé náà ni." Wọ́n wá ń sọ ìtàn ajá bàbá wọn, èyí tí a ò gbọ́ rí, títí káàdì fi tán lórí fóònù wọn.

Ìdánwò ìbọn yíyìn ku oṣù Karùn-ún. Wọ́n á gbé àwòrán älg kọjá lójú irin ní 80 mítà, èèyàn á yìn ín bó ṣe ń lọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá a lọ fi kọ́ra, ẹni tó ń kọ kóòdù tàsé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra. Tańmọ̀la wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì, imú rẹ̀ ní fèrèsé, ó ń gbó ní gbogbo ìgbà tí àwòrán náà bá kọjá.